Ẹkún Ìyàwó àti Ìtumọ̀ Rẹ̀

Orin pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n n kò mọ èyí tí a ń ṣì túmọ̀ tó ẹkún ìyàwó. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ó ti rọrùn tó láti gbọ́ ọ̀rọ̀ orin, kí a má sì gbọ́ ohun tí orin náà ń wí, kí ó bèèrè lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́wàá ní ọjà Ìwó pé kí ni ìyàwó ń sunkún sí. Ọ̀kan yóò wí pé nítorí a fẹ́ fi í fún ẹni tí kò fẹ́ ni. Òmíràn yóò wí pé àṣà lásán ni, pé omijé náà kò ti inú wá. Ẹ̀kẹta yóò ní kí a má tilẹ̀ dárúkọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ayọ̀, kí ó má ba à di àmì ibi. Mo ti gbọ́ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì rò pé kò sí èyí tí ó tọ̀nà nínú wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò bá a láyé, ó yẹ kí n sọ ohun tí ó jẹ́. Ní àwọn ìlú Yorùbá Ọ̀yọ́, bí Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀, Ìsẹ́yìn, Ògbómọ̀ṣọ́, Òkukù àti Ìwó wa yìí, ọmọbìnrin tí ó ń lọ sí ilé ọkọ kì í dákẹ́ lọ ní ayé àtijọ́. Ní ọjọ́ tí a ó sìn ín, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò káàkiri agbo ilé àwọn ìbátan rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀ níwájú bàbá àti ìyá rẹ̀, yóò sì fi ohùn rárà kí wọn; yóò dúpẹ́, yóò tọrọ ìre, yóò ki oríkì ìdílé bàbá rẹ̀, yóò sọ ohun tí ń bà á lẹ́rù, yóò sì fi ẹnu ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ pẹ̀lú. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a ó mú un lọ. Àwọn kan ń pè é ní ẹkún ìyàwó, àwọn mìíràn ń pè é ní rárà ìyàwó. Ẹ kíyèsí orúkọ méjèèjì: èkíní ń wo ojú ọmọbìnrin náà, èkejì ń gbọ́ ẹnu rẹ̀. Mo fura pé ẹni tí ó mọ orúkọ èkíní nìkan ni ó máa ń ṣì í túmọ̀ jù.

N kò ní kọ ẹsẹ orin kankan sí ìhín. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ni ó ń to tirẹ̀ láti inú ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí mo bá mú ti ẹnì kan, ẹ ó rò pé òun ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí gbogbo wọn jọ ń dárúkọ ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀wò, kí a wo ìdí tí ó fi jẹ́ pé àwọn ohun wọ̀nyí ni wọ́n ń dárúkọ, tí kì í ṣe òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkúnlẹ̀, nítorí pé kí ìyàwó tó la ẹnu, eékún rẹ̀ ti kan ilẹ̀. Àlejò yóò wí pé ìtẹríba ni, yóò sì fi mọ sí ibẹ̀. Ìtẹríba ni lóòótọ́. Ọmọ wo ni yóò dúró gangan kí ó máa dágbére fún bàbá rẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ ti rí ní ẹnu wa. Àwọn baba wa gbà pé ènìyàn kúnlẹ̀ ní ọ̀run kí ó tó yan ohun tí yóò bá a wá sí ayé, wọ́n sì ń pe èyíinì ní àkúnlẹ̀yàn. A tún ń sọ̀rọ̀ nípa ìkúnlẹ̀ abiyamọ, èyí tí í ṣe ìkúnlẹ̀ obìnrin ní ọjọ́ ìrọbí, ọ̀rọ̀ tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń bẹ ènìyàn nígbà tí ẹ̀bẹ̀ mìíràn bá tán. Ìyàwó wá kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Ìkúnlẹ̀ kan ni ó ti mú un wá sí ayé. Ìkúnlẹ̀ kejì ni èyí tí ìyá rẹ̀ kún nígbà tí ó bí i, òun kan náà ni èyí tí ń dúró dè é ní ilé ọkọ. Ọmọbìnrin yìí wà láàárín méjèèjì, lórí eékún rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ó bá ń pe orí rẹ̀ nínú orin, tí ó ń bẹ̀ ẹ́ kí ó má ta òun nù, kì í ṣe oríire bíi ti ẹni tí ó jẹ tẹ́tẹ́ ni ó ń tọrọ. Ó ń wí pé ohun tí òun yàn kò hàn sí òun. Ìyá tí ó ń gbọ́ ọ mọ̀, nítorí òun náà ti kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí níwájú ìyá tirẹ̀. Mo ti rí i tí ìyá ìyàwó dákẹ́, tí kò lè súre mọ́, tí ó jẹ́ pé obìnrin mìíràn nínú ilé ni ó gba àdúrà náà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yìn ni ó tẹ̀lé e, mo sì rò pé òun ni ó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn ni ibi tí ìyá pọ̀n ọ́n sí. Ìyàwó kì í gbàgbé láti dúpẹ́ ọ̀já tí ó so ó mọ́ ibẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni ibi tí òun fẹ́ pọn ọmọ tirẹ̀ sí. Ẹ̀yìn ni ohun tí ẹni tí ó lọ fi sílẹ̀, nítorí bí ènìyàn bá jáde, a ó ní nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn sì tún ni ohun tí kò tíì dé. Bí a ti ń pè é ní ọjọ́ iwájú, bẹ́ẹ̀ náà ni a ń pè é ní ẹ̀yìn ọ̀la. Ìtumọ̀ mẹ́rin nìyí nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ohùn kan náà ni a sì fi ń pe gbogbo wọn. Nígbà tí ìyàwó bá ń tọrọ pé kí ẹ̀yìn òun dára, èwo ni ó ń sọ nínú wọn? Gbogbo rẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá ní ọmọ nìkan ni ó ń tọrọ ti mú ìdá mẹ́rin kan, ó ti da mẹ́ta nù. Ọmọ tí ó fẹ́ pọ̀n, ìyá tí ó ń fi sílẹ̀, ohun tí a ó máa wí nípa rẹ̀ nígbà tí kò bá sí níbẹ̀, àti ọjọ́ tí kò mọ bí yóò ti rí, orí ọ̀rọ̀ kan ni ó kó wọn lé.

Ohun kan wà níhìn-ín tí mo fẹ́ kí àwọn tí ń ka orin ìbílẹ̀ kíyèsí dáradára. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ń ba ìyàwó lẹ́rù, ẹ má wá a níbi tí ó ti ń ké. Ẹ wá a nínú ohun tí ó ní kí a bá òun gbàdúrà kí ó má ṣẹlẹ̀. Ó ń tọrọ kí òun má yàgàn. Ó ń tọrọ kí òun má fi ọwọ́ ara òun sin ọmọ. Ó ń tọrọ kí ìyálé má mú òun ní ọ̀tá, kí ìyá ọkọ má rí àlébù nínú ọbẹ̀ òun. Nínú ìwé, àwọn àdúrà wọ̀nyí dà bí ọ̀ṣọ́ tí a fi kún orin kí ó lè gùn, nítorí pé bákan náà ni wọ́n rí nínú ti ìyàwó gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ayé tí a ti kọ́kọ́ ń gbà wọ́n. Ṣọ̀pọ̀nná wà nígbà náà, èyí tí àjọ ìlera àgbáyé kéde ní 1980 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, ibà sì ń kó ọmọ lọ ní àgbo ilé gbogbo. Àwọn àgbà kò ṣàdédé máa wí pé ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ọmọbìnrin tí ó ń tọrọ kí òun má sin ọmọ ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó sin ọmọ. Nítorí náà ni gbogbo wọn fi ń sọ ohun kan náà: ẹ̀rù kan náà ni ó ń bà wọ́n.

Àwọn tí wọ́n sọ pé ìbànújẹ́ ni ẹkún ìyàwó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò lè túmọ̀ apá kan nínú rẹ̀, èyíinì ni yẹ̀yẹ́. Ìyàwó máa ń yin ara rẹ̀. A máa sọ ti ẹwà rẹ̀, a máa sọ pé òun pa ara òun mọ́, a máa fi ọ̀rọ̀ gún ọmọbìnrin tí ó gbọ́n jù tí kò sì gbélé, àti ẹni tí ó ti wí pé òun kò ní rí ọkọ fẹ́. Ta ni ó ń ṣọ̀fọ̀ tí ó tún ń rántí gbẹ̀san lára ẹni tí ó rí i fín? Àwọn àgbà wí pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kò sí ibi tí òwe yìí ti bá ọ̀ràn mu bí ibí yìí. Ojú ìyàwó kún fún omi, síbẹ̀ ó rí ẹni tí ó wá àti ẹni tí kò wá. Ó rí ìyàwó bàbá tí ó fún un ní aṣọ, ó sì rí èyí tí ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ ni yóò fi orin kà, yóò sì fi òwe bo èyí tí ó korò, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá yóò rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí kò ní lè bínú.

Mo bọ́ sí orí oríkì báyìí, nítorí níbẹ̀ ni ohùn ìyàwó ti ń yí padà. Karin Barber, obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé ní Òkukù, tí ó sì tẹ ìwé ńlá kan jáde ní 1991 lórí oríkì ìlú náà, fi apá kan ìwé rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa rárà ìyàwó, ó sì fi hàn bí àwọn ọmọbìnrin ti ń ti ipa rẹ̀ kọ́ oríkì ìdílé wọn. Mo gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ tọkàntọkàn, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí níhìn-ín. Nígbà tí ó bá kan oríkì, omijé a gbẹ. Ọmọ tí ó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú mélòó kan sẹ́yìn a gbé ohùn sókè, ọ̀rọ̀ a sì máa dà lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tí ń ka ìwé.

Kí ni ìdí? Nínú Sáàmù 45, tí í ṣe orin ìgbéyàwó ọba, akọrin gba ìyàwó ní ìyànjú pé kí ó gbàgbé àwọn ènìyàn rẹ̀ àti ilé bàbá rẹ̀. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí ẹsẹ náà ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìyàwó ilẹ̀ wa kò rò bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ọjọ́ tí ó ń fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ gan-an ni ó ń ka ilé náà láti orí baba ńlá dé orí ara rẹ̀, ní ìgboro, lójú gbogbo ayé. Ilé ọkọ yóò ní oríkì tirẹ̀, òun ni yóò sì máa fi kí ọkọ àti ọmọ ọkọ ní òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ gba ti ẹlòmíràn sí ẹnu, ó fẹ́ kí a mọ̀ pé tirẹ̀ ti wà níbẹ̀. N kò sọ pé onísáàmù ṣìnà. Ohun tí mo ń sọ ni pé orin ìgbéyàwó méjèèjì wo ẹnu ọ̀nà kan náà, èkíní ń wò ó láti ìta, èkejì láti inú ilé.

Àwa ará Ìwó ní ẹyẹ kan nínú oríkì wa, odídẹrẹ́ ni. Ìtàn tí àwọn àgbà ìlú ń sọ ni pé Telú, ọmọ Lúwo obìnrin tí ó jọba ní Ilé-Ifẹ̀, ni ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde, a sì ti sọ fún wọn pé níbi tí wọ́n bá ti rí odídẹrẹ́ ni kí wọ́n tẹ̀dó sí. Gbogbo ọmọ Ìwó ni ó mọ̀ ọ́n, a sì ń kì í bí ẹni tí ń mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ẹyẹ náà nígbà tí ó bá ti ẹnu ìyàwó jáde. Lọ́nà kìíní, ẹwà ni: ìkóódẹ pupa tí ó wà ní ìrù rẹ̀ ni a fi ń ṣe adé ọba lọ́ṣọ̀ọ́, ọmọbìnrin tí a fi osùn kùn sì lè fi ara rẹ̀ wé e láìṣe àṣejù. Lọ́nà kejì, ọ̀rọ̀ ni: ẹyẹ tí ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ni, a sì ń pè é ní Ayékòótọ́. Orúkọ yẹn kì í ṣe eré. Ọmọbìnrin tí a ti ń sọ fún láti kékeré pé kí ó dákẹ́ ní àwùjọ àgbà di odídẹrẹ́ ní ọjọ́ kan, ó sì lè sọ òtítọ́ tí ayé kò fẹ́. Lọ́nà kẹta, tí n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́ka sí, ilé ni: ẹyẹ yìí ni àmì pé ìrìn àjò ti parí, pé kí a sọ ẹrù kalẹ̀. Àwọn baba rìn títí wọ́n fi rí i. Ọmọ wọn sì ń kì í bí ó ti ń rìn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ àmì ìsinmi fún wọn di àmì ìrìn àjò fún un. Ẹ fi etí sí ibẹ̀ nígbà mìíràn, ẹ ó gbọ́ pé oríkì náà, tí ó ń dún bí ìgbéraga lẹ́nu ọkùnrin, ní ìró mìíràn lẹ́nu ìyàwó. Ọ̀rọ̀ kan kò yí padà nínú rẹ̀. Ẹni tí ń kì í àti ibi tí ó dojú kọ ni ó yí padà.

Ohùn pàápàá jẹ́ apá kan ìtumọ̀, a kò sì lè fi í sílẹ̀. Àwa tí a dàgbà sínú orin ìsìn mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí a bá gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé orí ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì. Ẹkún ni a kọ sínú ìwé. Bí ohùn orin bá lọ sílẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ó gòkè, ẹkùn ni ìjọ ń kọ, ẹranko sì ti wọ inú ilé Ọlọ́run. Ọkọ lè di ọkọ́, ọkọ́ lè di ọkọ̀. Àwọn baba ìjọ tí wọ́n rí i kò dákẹ́. Kánọ́ọ̀nù J. J. Ransome-Kuti, tí ó kú ní 1930, fi ohùn ìbílẹ̀ kọ orin ìyìn, a sì gba àwọn orin rẹ̀ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kristi ní Èkó láti 1914 títí di 1962, tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì jíròrò ọ̀ràn ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin níbẹ̀. (Ẹ wo orúkọ ọkùnrin náà: ẹkún di ayọ̀. Bí mo bá fẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí yóò dá ẹni tí ń pe omijé ní àmì ibi lóhùn, inú orúkọ tí àwọn òbí ń sọ ọmọ wọn ni n ó ti mú un.) Ẹkún ìyàwó kò ní ìṣòro yìí, nítorí rárà ni, ohùn ọ̀rọ̀ náà ni ohùn orin. Bí ohùn bá gbọ̀n, ó gbọ̀n lábẹ́ ọ̀rọ̀, kò yí ọ̀rọ̀ padà. Nítorí náà ni ìyàwó fi lè sunkún kí a sì máa gbọ́ gbogbo ohun tí ó ń wí, èyí tí àwa kò lè ṣe pẹ̀lú orin ìsìnkú wa.

Ní òde òní, orí ìtàgé ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdé ẹkún ìyàwó, n kò sì lè ṣàì sọ ohun tí ó ń dùn mí níbẹ̀. A ó wọ aṣọ òkè fún ọmọdébìnrin, a ó da ìborùn bò ó lójú, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti ẹsẹ kìíní dé ẹsẹ ìkẹyìn, bí ẹni tí a sin òkú lójú rẹ̀. Yóò ké ìdúpẹ́, yóò ké oríkì, yóò ké yẹ̀yẹ́ pàápàá! Àwọn òbí yóò pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ tí ó kọ́ ọ ti gbọ́ orúkọ orin náà, kò gbọ́ orin náà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà rẹ́rìn-ín níbi tí ó yẹ kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó gbé àyà sókè níbi oríkì. Nígbà tí ó bá wá dé iwájú ìyá, omijé díẹ̀ yóò tó.

Àṣìtúmọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀ràn ìtàgé nìkan. Ní ìjọ kan tí mo mọ̀ dáadáa, ọmọbìnrin kan tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó sọ pé òun yóò sun ẹkún ìyàwó ní àgbàlá bàbá òun kí ọjọ́ ilé ìsìn tó pé. Ìyá-ìyá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ. Àwọn àgbà ìjọ kan kọ̀. Wọ́n ní ẹkún ń pe ẹkún, pé Kristẹni kì í wọ ilé ọkọ pẹ̀lú ohùn ọ̀fọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ka ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga sì gbè wọ́n, ṣùgbọ́n láti ọ̀nà tirẹ̀: ó ní orin náà jẹ́ ẹ̀rí bí àwọn baba wa ti ń ta ọmọbìnrin, pé ìtìjú ni kí a tún máa kọ ọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹni tí ó bẹ̀rù àmì ibi àti ẹni tí kò gba àmì gbọ́ rárá lè pàdé ní ibi kan náà, kí àwọn méjèèjì sì gbà pé kí ọmọbìnrin náà pa ẹnu mọ́.

Èmi sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ ka ìwé Onídàájọ́ orí 11, níbi tí ọmọbìnrin Jẹ́fútà ti bẹ bàbá rẹ̀ fún oṣù méjì kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun lè lọ sunkún lórí òkè. Ọ̀ràn tirẹ̀ burú ju ti ìyàwó lọ, n kò sì fi wọ́n ṣe ọ̀kan. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé bàbá náà, nínú gbogbo àṣìṣe rẹ̀, kò fi ẹkún dù ú. Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin náà, mo sọ fún un pé àwọn Tujia ní ilẹ̀ Ṣáínà àti àwọn ará Karelia ní ìhà àríwá Yúróòpù ní ẹkún ìyàwó tiwọn, kí ó má ṣe rò pé ìwà àwọn baba tiwa nìkan ni ó fà á. Níbikíbi tí ọmọbìnrin bá ti ń fi ilé tí a bí i sí sílẹ̀ lọ gbé láàárín àlejò, ó ní ohun kan láti sọ. A ti fi ipá fún ọmọbìnrin ní ọkọ nílẹ̀ wa rí, n kò ní purọ́. Ẹni tí ó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹkún ìyàwó ni ibi kan ṣoṣo tí ó ti lè sọ ọ́ lójú bàbá rẹ̀, láìjẹ́ pé a lù ú. Bí a bá pa orin náà rẹ́ nítorí pé ó ń fi ìwà burúkú hàn, ìwà náà yóò kù, ẹnu tí ó fi í hàn ni yóò lọ.

Wọ́n jẹ́ kí ó ṣe é. Mo wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ó ti kí bàbá rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń retí kí ó yí sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ tí ó ti kú, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó bàbá rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò kọ ọmọ tí kò bí. Obìnrin náà ti tọ́ ọ fún ọdún púpọ̀, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí lójú àwùjọ. Ẹ wo bí ó ti lo ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní èyí. Ó mú àmì tí gbogbo ìyàwó ń lò, ó sì yí i díẹ̀ kí ó lè bá ọ̀ràn tirẹ̀ mu. Àwọn àgbà ìjọ tí wọ́n kọ̀ tẹ́lẹ̀ ń wo ilẹ̀.

Lónìí, bí a bá ń ṣe ìdána ní Ìwó, alága ìdúró àti alága ìjókòó ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́n, wọ́n ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, orin wọn sì dùn. Ìyàwó yóò jó wọlé, yóò kúnlẹ̀, a ó súre fún un, yóò gbé fìlà dé ọkọ rẹ̀ lórí. Gbogbo ohun tí ó wà nínú ẹkún ìyàwó ni a ṣì ń ṣe, ìkúnlẹ̀ wà, ìre wà, oríkì wà pẹ̀lú bí a bá pe onílù. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyàwó nìkan ni kò sí. Ẹlòmíràn ni ó ń bá a dúpẹ́, ẹlòmíràn ni ó ń bá a bẹ̀. Ẹ̀rù tí ń bà á kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ó ku ohun kan. Àwọn tí wọ́n kọ ẹkún ìyàwó sínú ìwé máa ń fi àdúrà parí rẹ̀, bí ẹni pé ìyàwó ti sọ tán. Kì í sọ tán. Orin náà ń lọ títí a fi dé ìloro ilé ọkọ, yálà ó wà ní àárín oríkì tàbí ní àárín yẹ̀yẹ́. Níbẹ̀ ni a ó ti da omi sí i lẹ́sẹ̀, tí ohùn rẹ̀ yóò dá, tí àwọn obìnrin ilé yóò sì gbé orin tiwọn láti inú wá pàdé rẹ̀.